Yá Látíífù Kan Tó Ṣẹ́kù

Ọkọ̀ òkun tó gbé Síkírù lọ padà dé Àpápá ní oṣù keje ọdún 1971, ṣùgbọ́n Síkírù kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà wá bá ìyá rẹ̀ nílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní kò kú, kò sì ṣàìsàn. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Lifapúù, nílùú òyìnbó, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní òun ń lọ ra ọṣẹ, ó sì sọ̀kalẹ̀. Wọ́n retí rẹ̀ títí, kò padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ṣí.

Memunat, ìyàwó rẹ̀, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló bi wọ́n.

"Ṣé kò sí ọṣẹ nínú ọkọ̀ ni?"

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn.

Tíṣà ni Memunat. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní iléèwé kan lẹ́bàá Òkè Pópó. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Èbúté Èrò ló gbé dàgbà, ibẹ̀ náà sì ni Síkírù ti rí i. Akọ̀wé ni Síkírù nígbà náà ní Àpápá. Òun ló máa ń ka àpò àti àpótí bí wọ́n bá ń já ẹrù ọkọ̀. Tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń yà sí. Alhaja Sàdíátù lorúkọ ìyá náà, gàrí àti èlùbọ́ ló ń tà létí omi ní Èbúté Èrò, níbi tí Memunat ti máa ń wá rà á.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Síkírù kò jọ ti ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kù a máa yin ojú Memunat, wọn a yin eyín rẹ̀. Ní ti Síkírù, yóò da èlùbọ́ díẹ̀ sórí ọpọ́n, yóò fi ìka kọ iye kan sínú rẹ̀, yóò ní, "Kí ló lè pín in?" Ó gbà pé iye dà bí èèyàn. Òmíràn lọ́mọ rẹpẹtẹ, òmíràn ò sì ní ẹnìkan ju ara rẹ̀ àti ọ̀kan lọ. Lọ́jọ́ kan ó kọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Memunat wò ó títí, ó ní kò sóhun tó lè pín in.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Méje lọ́nà mẹ́tàlá ńkọ́?"

Síkírù rẹ́rìn-ín débi pé Alhaja yọjú láti ẹ̀yìn àpò gàrí, ó ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú èlùbọ́ òun. Memunat bínú títí ó fi délé. Kó tó sùn, ó ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí lòun yóò fẹ́.

Wọn ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó tí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun fi yọ. Síkírù ní ìrìn-àjò méjì péré, òun yóò padà wá kọ́ yàrá méjì sí agboolé bàbá òun. Ìrìn-àjò kìíní náà ló lọ tí kò dé.

Èkó kò dúró dè é. Lọ́dún 1972, ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Memunat dúró létí títì ní Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ náà. Ó ń rò ó pé bí Síkírù bá dé, ibi tí mọ́tò kò ti ń bọ̀ mọ́ ni yóò máa wò kó tó sọdá. Ọdún tó tẹ̀lé e, pọ́n-ùn àti ṣílè lọ, náírà àti kọ́bọ̀ dé. Memunat ló kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa ṣírò rẹ̀. Inú àwọn ọmọ ń dùn pé ó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí òun náà ṣe ń bá wọn rẹ́rìn-ín ló ń rò ó pé ọkọ òun kò tíì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ rí láyé rẹ̀. Gbogbo ohun tuntun tó bá dé ìlú ló ń sọ Síkírù di àlejò sí i.

Nígbà tí ọdún 1974 ń parí lọ, bàbá Memunat wá bá a láti Ìjẹ̀bú ní ilé Alhaja, níbi tó ṣì ń gbé. Kò jókòó pẹ́.

"Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀sìn ní kí obìnrin fi retí ọkọ tó dàwátì," ó ní. "Ó kù díẹ̀ kó pé. Bó bá pé, kó ẹrù rẹ. Yẹ̀kínì ti bá mi sọ̀rọ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Yẹ̀kínì, òun ló ń tún àga iléèwé ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò mu ọtí, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kì í wo obìnrin ní ìwòkuwò. Kò sí ohun tó burú lára ọkùnrin náà, ìyẹn gan-an ló ń bí Memunat nínú.

Alhaja gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti inú yàrá. Kò bá àna rẹ̀ jà. Ó dúró kí ó lọ tán, ó gbé gèlè rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ Ààfáà Jíbrílù lọ. Bàbá àgbà kan ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe bí Síkírù. Lọ́jọ́ Àìkú, Ààfáà wá sí pálọ̀ Alhaja, ó mú wàláà rẹ̀ dání, pákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéú.

"Yá Látíífù la máa ṣe," Ààfáà sọ. "Ọba Pẹ̀lẹ́ la ó máa pè, Ẹni tí àánú rẹ̀ ń gba ibi tí ojú ò tó wọlé. Ńlá rẹ̀ sì la máa ṣe. Ẹgbàá mẹ́jọ, ẹgbẹ̀ta àti mọ́kànlélógójì."

"Há!" ni Alhaja ké. "Ta ni yóò kà á tán?"

"A ó pín in láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé."

Memunat jókòó sórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn. Kò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

"Ààfáà, ẹ má bínú. Kí ló dé tó fi jẹ́ iye yẹn gan-an? Kí ló dé tí kì í ṣe ẹgbàá mẹ́jọ gbáko?"

Ojú Ààfáà tàn. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú rẹ̀. Ó fa wàláà mọ́ra, ó mú ẹfun.

"Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Orúkọ yìí, lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Lámù, ọgbọ̀n. Tọ́, mẹ́sàn-án. Yá, mẹ́wàá. Fá, ọgọ́rin. Rò ó pọ̀."

"Mọ́kàndínláàádóje."

"Ìyẹn ni ìwọ̀n orúkọ náà. Wàyí o, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀."

Memunat gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ mọ́kàndínláàádóje, ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sọ wọ́n di ìlọ́po. Ohun tó jáde ni 16641. Ó wò ó. Nǹkan kan tó ti sùn nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ó lé ta jí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dúró níbẹ̀. Ó ro àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀: ọ̀kan, mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́rin, ọ̀kan. Méjìdínlógún. Nígbà náà mẹ́sàn-án yóò pín in. Ó pín in, ó kan ẹgbẹ̀sán ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó gbìyànjú méje, kò gbà. Mọ́kànlá kò gbà, mẹ́tàlá kò gbà. Ó ń pa á rẹ́ ó ń tún un kọ, ẹfun kún gbogbo ìka rẹ̀. Nígbà tó dé mẹ́tàlélógójì, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tó sì jáde ni mẹ́tàlélógójì mìíràn.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Mẹ́ta àti mẹ́ta. Mẹ́tàlélógójì àti mẹ́tàlélógójì. Kò sí òmíràn nínú rẹ̀. Gbogbo bó ṣe tóbi tó yìí, èèyàn méjì péré ló ń gbé inú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìkejì tirẹ̀."

Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnìkan ló ṣe yí i, kí ẹni náà sáré wá wò ó. Kò sẹ́ni níbẹ̀ ju ewúrẹ́ Alhaja lọ. Ìgbà yẹn ló yé e ohun tó ti ń dùn ún látọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe oúnjẹ tí kò sẹ́ni bá a jẹ. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ lórí ẹní. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó rí nǹkan tó rẹwà báyìí, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò fò sókè bó bá gbọ́ ọ láyé yìí, kò sì mọ ibi tí ẹni náà wà.

Ààfáà ń wo wàláà. "Ọ̀gá mi ní Ìlọrin fi hàn mí bí wọ́n ṣe kọ́ ilé yìí," ó ní. "Kò fi àwọn yàrá rẹ̀ hàn mí. O ṣeun, ọmọ mi."

"Bí a bá jẹ́ mẹ́sàn-án, Ààfáà, yóò kárí wa dọ́gba. Mẹ́tàlélógójì lọ́nà mẹ́tàlélógójì ni yóò kan oníkálukú."

"Ẹ wá ẹni mẹ́sàn-án, nígbà náà. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tó mọ Síkírù dáadáa, kí ó sì jẹ́ tinútinú."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, bí Memunat bá ti dé láti iléèwé, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa sin ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn, mẹ́tàlélógójì lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Alhaja a máa bá a di ìdí okùn. Nígbà kan Alhaja dáwọ́ dúró, ó ní, "Ó fẹ́ràn kó máa ka nǹkan. Láti kékeré. Ìgbà kan wà tó ka gbogbo pákó òrùlé ilé yìí, ó ní ọ̀kan ti sọnù." Memunat rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kó tún sọ òmíràn, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti tẹrí mọ́ okùn rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Ẹni mẹ́jọ jókòó, tí Ààfáà, Alhaja àti Memunat wà nínú wọn. Àwọn tó kù jẹ́ ọmọ ilé. Ẹni kẹsàn-án ni Bàbá Ṣàíbù, àbúrò bàbá Síkírù. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú sí mi," ó sọ fún Alhaja. "N kò ní jókòó. Ẹni tó bá sọnù là á wá. Ọmọ yìí kò sọnù. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀."

Ó yí padà, ó lọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n sáré pe aládùúgbò kan rọ́pò rẹ̀, Alhaja kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ọmọ òun.

Memunat fa wàláà mọ́ra, ó tún un ṣe fún ẹni mẹ́jọ.

"Ẹgbàá ó lé ọgọ́rin ló kan oníkálukú," ó ní. "Ó wá ṣẹ́ ku ọ̀kan."

"Ọ̀kan báwo?" Alhaja bi í.

"Ọ̀kan péré, Ìyá. Bí a bá tiẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, bí a bá jẹ́ márùn-ún, bí a bá jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kan náà ni yóò ṣẹ́ kù. Bó ṣe rí nìyẹn."

"Ta ni yóò wá ka ọ̀kan yẹn?"

Gbogbo ojú yí sí Ààfáà. Kò rò ó pẹ́. "Aya rẹ̀ ni."

Okùn Memunat kò bá ìpín tuntun mu mọ́, wọ́n bá kó tẹ̀súbáà ilé jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yá Látíífù, Yá Látíífù. Ohùn wọn kọ́kọ́ yapa, nígbà tó ṣe ó papọ̀, ó ń kùn bí oyin nínú ihò igi. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin ń pọn omi, wọ́n ń bú ara wọn, ohùn wọn kò dé inú pálọ̀. Ẹni tó bá parí tirẹ̀ á gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀, á dákẹ́. Nígbà tí Alhaja tó parí kẹ́yìn gbé tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn wá ń wo Memunat.

Ẹgbàá ó lé ọgọ́rin ti ti ẹnu rẹ̀ jáde láìsí wàhálà. Ẹyọ kan yìí kò yá a lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fún un ohun tí yóò bèèrè: kí Síkírù padà wálé. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí ni pé ó ti rẹ òun. Ó rẹ̀ ẹ́ kó máa wo títì, kó máa wo ẹnu ọ̀nà, kó máa kó ìròyìn pamọ́ de ẹni tí kò dé. Ó sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n mọ̀." Ó wá la ẹnu.

"Yá Látíífù."

Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n dìde kí ìrun Mọ̀ríbì.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túnjí dé sí ìsọ̀ Alhaja ní Èbúté Èrò, ó wọ fìlà àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Síkírù?"

Alhaja jókòó sórí àpò gàrí tó ń wọ̀n lọ́wọ́.

"Ó ní kí n kí yín. Ó wà ní Lifapúù. Ara rẹ̀ le."

"Tún un sọ."

"Ó wà láàyè, Ìyá."

Alhaja gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, gbogbo àwọn aláte sì sá wá yí i ká. Ó ránṣẹ́ pe Memunat níléèwé.

Nínú pálọ̀ ni Túnjí ti sọ ìyókù, lójú Ààfáà Jíbrílù àti Bàbá Ṣàíbù. Ojú ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní Síkírù kò pinnu tẹ́lẹ̀ pé òun yóò sá. Lóòótọ́ ló ń lọ ra ọṣẹ. Ọ̀nà ló ti pàdé ọmọ Èkó kan tó sọ fún un pé iṣẹ́ wà, owó sì wà níbẹ̀. Ó ní òun yóò ṣe oṣù kan péré. Oṣù di ọdún, ìtìjú sì dè é mọ́lẹ̀. Ilé ìkẹ́rù kan ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ń gbé pẹ̀lú obìnrin òyìnbó kan, obìnrin náà sì ti bí ọmọ méjì fún un.

"Ó ní kí n sọ níwájú ààfáà pé òun ti tú Memunat sílẹ̀," Túnjí sọ. "Ó ní kó má fi èwe rẹ̀ dúró de òun mọ́."

Bàbá Ṣàíbù ò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

"Ṣé ó sanra?" Memunat bèèrè.

"Rárá. Ó rù díẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ sì ti ń pá."

Memunat rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti rí Síkírù pẹ̀lú iwájú orí tó pá, kò rí i. Inú ẹ̀rín yẹn ni ẹkún gbà jáde, ẹkún tí kò sun látọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé láìsí i. Alhaja fà á mọ́ra. Ọ̀kan ń sunkún pé ọmọ òun ò kú, ọ̀kan ń sunkún pé ọkọ òun ò bọ̀, wọ́n sì di ara wọn mú.

Memunat tẹ̀lé Túnjí dé ẹnu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún rí i, ẹ bá mi sọ nǹkan kan fún un. Ẹ ní mo rí ẹgbàá mẹ́jọ, ẹgbẹ̀ta àti mọ́kànlélógójì. Ẹ ní mẹ́ta àti mẹ́tàlélógójì nìkan ló wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì-méjì."

Túnjí dijú kó lè rántí rẹ̀. "Ẹgbàá mẹ́jọ àti ogójì..."

"Ẹgbẹ̀ta àti mọ́kànlélógójì."

"Ẹgbẹ̀ta àti mẹ́tàlélógójì. Lẹ́ẹ̀mẹta?"

Memunat wò ó. Ọmọlúàbí ni, ó ń gbìyànjú, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹ kàn bá mi kí i. Ẹ ní mo ní ó kú iṣẹ́."

Memunat ṣe oṣù mẹ́ta tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ tú sílẹ̀ nínú agboolé náà. Alhaja bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ní, "Òun ló kọ̀ ọ́, èmi ò kọ̀ ọ́." Memunat kúnlẹ̀ fún un, ó sì lọ, nítorí kò sí igun kan nínú ilé náà tí ojú rẹ̀ kò ti ń wá ẹnìkan. Kò padà sí Ìjẹ̀bú. Ó gba yàrá kan lẹ́bàá iléèwé. Lẹ́yìn ọdún kan ó gbà fún Yẹ̀kínì.

Yẹ̀kínì mọ ẹni tó fẹ́. Lọ́jọ́ kan tó bá a tó ń fi ẹfun kọ nǹkan sára pákó kan, tó ń pín in tó ń pa á rẹ́, ó dúró wò ó díẹ̀. "N kò mọ ohun tó ò ń wá," ó ní, "ṣùgbọ́n pákó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣáà máa kọ ọ́." Látọjọ́ náà ni Memunat ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ náà kò jọ ti àkọ́kọ́.

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan lọ́dún 1977. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Alhaja Sàdíátù wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ó gbé igbá èlùbọ́ lórí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wẹ ọmọ náà. Ó fi òrí pa á lára, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e jù sókè díẹ̀, ó gbá a mú. Ó ń kí i ní oríkì ìyá rẹ̀. Kò dárúkọ Síkírù, Memunat náà kò dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ó ń lọ, Memunat sìn ín dé igun títì. Òjò ti ṣú. Alhaja di gèlè rẹ̀ le, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dúró.

"Memunat."

"Ìyá."

"Ojú ọmọ mi ń wù mí í rí."

Memunat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ṣì ń rùn fún òrí.

"Ó ń wu èmi náà, Ìyá."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń sáré kó ẹrù wọlé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Alhaja ní kó padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kó má lọ tutù, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì lọ.